Bí Wọ́n Bá Sọ "Kapers op de Kust" fún Yín ní Nẹ́dálándì, Ẹ Má Tíì Sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ní Nẹ́dálándì, bí wọ́n ṣe ń gba ilé kò lọ́jú pọ̀: ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ wò ó, ẹ tọwọ́ bọ̀wé, ẹ sanwó, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní gemeente, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n fún yín ní BSN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín lọ́dọ̀ ìjọba. Ibi tí wọ́n ti ń lu àwọn ọmọ wa ní jìbìtì ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu éjẹ́ǹtì: "Er zijn kapers op de kust." Ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni pé kapers wà ní etíkun; ohun tó ń sọ ni pé àwọn mìíràn ti ń dọdẹ ilé náà. Láyé àtijọ́, kaper ni ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, kaperbrief, láti máa gba ọkọ̀ àwọn ọ̀tá. Àdéhùn Paris ọdún 1856 ló fòfin de iṣẹ́ yẹn. Lónìí, bí wọ́n bá já ọkọ̀ òfuurufú gbà, kapen ni wọ́n ń pè é.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá sọ ọ́ ni gbájúẹ̀, àwọn tó ń wá ilé pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ìkánjú yín gan-an ni gbájúẹ̀ ń wá. Torí ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi borg, ìyẹn owó ìdógò, àti owó ilé oṣù kan ránṣẹ́ láti Ìbàdàn. Ó dé Den Haag tòun ti àpótí, ìyá arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn fún un. Ilé màmá náà ni, kò fi háyà rí. Pálọ̀ tó wà nínú fọ́tò, ibòmíràn ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san kọ́bọ̀ kí ẹ tó wọ inú ilé! Bí ẹ kò bá tíì dé, ẹ rán ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Fún owó díẹ̀, Kadaster, ọ́fíìsì tó ń ṣàkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti ilé, á fi orúkọ ẹni tó ni ilé hàn yín. Òfin July 2023 ní borg kò gbọdọ̀ ju owó oṣù 2 lọ, éjẹ́ǹtì tó ń ṣiṣẹ́ fún onílé kò sì gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ má fi àdírẹ́sì ilé náà forúkọ sílẹ̀, ẹ sá fún un!

Bí owó bá ti lọ, báǹkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ọlọ́pàá. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró di ọjọ́ kejì.