Bí mo ṣe mọ owó séfà lójú nígbà tí mo gbé àdìrẹ lọ sí Àjàṣẹ́

Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ni mo ti ń ta àdìrẹ, náírà nìkan ni mo sì mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ẹrù lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, mo gba Ìlaró dé Ìdìròkò, mo sì ṣẹ́ owó mi sí séfà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, lọ́wọ́ ọkùnrin kan létí bodè. Bó ṣe ń kà á kíákíá ló ń bi mí léèrè ọjà. Mo ti wọ mọ́tò tán kí n tó tún un kà: ó dín séfà 2,000. Ó dùn mí wọra. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni mẹ́ta ni mo máa ń bi pé èló ni wọ́n ń ṣẹ́ ẹ lónìí kí n tó yọ owó, mo sì máa ń fi ọwọ́ ara mi kà á lẹ́ẹ̀mejì níwájú ẹni tó ṣẹ́ ẹ, bó ti wù kí awakọ̀ máa pariwo.

Ní Àjàṣẹ́, mo ra oúnjẹ, wọ́n fún mi ní ṣẹ́ńjì onírin. Lọ́dọ̀ wa, ta ló tún ń ná owó onírin? Mo fi ọ̀kan lé ọmọ olóúnjẹ lọ́wọ́ pé kó fi ṣeré. Ìyá rẹ̀ sáré dìde: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, séfà 500 lẹ fún un yẹn o!” Ó gbà á, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́. Mo tẹjú mọ́ ọn ní àtẹ́lẹwọ́ mi: àárín rẹ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀, etí rẹ̀ ní òmíràn, bí ìgbà tí wọ́n fi òrùka de nǹkan. Owó 500 oníwèé náà wà, iye kan náà ni àwọn méjèèjì.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tẹ́ gbogbo owó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹja kan tí ẹnu rẹ̀ rí bí ayùn wà lára gbogbo oníwèé. Ara òṣùwọ̀n wúrà àwọn ará Àṣáńtì láyé àtijọ́ ni wọ́n ti mú àwòrán rẹ̀. Ràkúnmí ló wà lẹ́yìn 1,000. Ṣùgbọ́n 10,000 ló mú mi lọ́kàn jù: àwọ̀ elésè àlùkò, ẹyẹ méjì tí í ṣe ìran agbe sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Agbe ló laró, àlùkò ló losùn! Èmi tí mò ń fi aró jẹun, mi ò yára ná a.

Lẹ́tà B tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ara owó oníwèé, ti Bẹ̀nẹ̀ ni. T, ti Tógò. Kò sí wàhálà, orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló jọ ń ná an. Séfà ti Kamẹrúùnù yàtọ̀, ẹ má gbà á.

Ti iye ọjà ló gbà mí lásìkò. Bí mo bá ń sọ gbogbo nǹkan di náírà lórí, mo máa ń ṣìṣe, torí náírà kì í dúró sójú kan. Séfà ní tirẹ̀, 655.957 ló ń lọ fún Yúróò kan láti 1999. Nítorí náà, séfà ni mo fi ń dá iye lé àdìrẹ mi níbẹ̀, mo sì ń kọ iye tí mo ṣẹ́ owó lọ́jọ́ náà sínú ìwé, kí n lè mọ èrè mi bí mo bá délé.

Àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní bodè kò gba onírin lọ́wọ́ mi nígbà tí mò ń bọ̀. Mo fi wọ́n ra búrẹ́dì gígùn fún àwọn ọmọ. 500 kan ṣoṣo ni mo mú dé Abẹ́òkúta, ó wà nínú àpótí owó mi ní Ìtòkú.