Bí mo ṣe múra Màámi sílẹ̀ láti dúró níwájú adájọ́ lórí owó PIP

PIP ni owó tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san fún ẹni tí àìsàn tàbí ìpèníjà ara kò jẹ́ kó lè dá ṣe nǹkan ojoojúmọ́ tàbí kó rìn bó ṣe yẹ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì Màámi, làkúrègbé sì ti wà ní orúnkún wọn méjèèjì tipẹ́. Síbẹ̀, lẹ́tà tó dé sọ pé wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí kọ́bọ̀.

Máàkì ni wọ́n fi ń pín owó yìí. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ 10 ló wà níbẹ̀: oúnjẹ sísè, ìwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, lílo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ìrìn jẹ́ 2. Ẹni tó bá ní máàkì 8 ní apá kan á gba owó kékeré ti apá náà, ẹni tó bá ní 12 á gba ńlá. Màámi ní 4 ní ti iṣẹ́ ojoojúmọ́, 4 ní ti ìrìn. A kọ́kọ́ ní kí àwọn tó ṣe ìpinnu náà tún un wò, nítorí kò sẹ́ni tó lè ré ìpele yẹn kọjá, oṣù kan péré ni wọ́n sì ń fúnni láti béèrè. Wọ́n tún un wò, wọ́n dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn. Oṣù kan mìíràn la tún ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Nínú fọ́ọ̀mù ẹjọ́ náà, wọ́n bi wá bóyá a fẹ́ yọjú tàbí kí adájọ́ kàn fi ìwé ṣe ìdájọ́. Mo ní a máa yọjú. Ẹni tó bá lè yọjú, kó yọjú, torí ìwé kì í sọ bí èèyàn ṣe ń dìde lórí àga. Níbi tí wọ́n ti béèrè èdè, mo kọ Yorùbá. Màámi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń ra ọjà àti èyí tí wọ́n fi ń kí aládùúgbò, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú rẹ̀ lèèyàn fi ń ṣàlàyé ìrora. Kọ́ọ̀tù ló ń wá ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Nígbà tó yá, ìwé ẹjọ́ náà dé, ó nípọn bíi Bíbélì. Mo mú pẹ́ńsù, mo jókòó tì í. Inú rẹ̀ ni mo ti rí ohun tí ẹni tó fi fóònù yẹ Màámi wò kọ: pé ara wọn yá, pé wọ́n ń se oúnjẹ fúnra wọn, pé wọ́n ń rìn lọ sọ́jà. Ẹni yẹn béèrè pé báwo ni, Màámi dáhùn pé, “A dúpẹ́, mo wà dáadáa.” Ó béèrè nípa oúnjẹ, wọ́n ní àwọn ń sè. Ìyá wo ló máa sọ fún àlejò pé òun ò lè dáná mọ́?

Mo lọ bá àwọn Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn, wọn kì í gbowó. Ohun tí wọ́n là mí lójú sí ni òfin PIP ti ọdún 2013. Ó ní a kò gbọ́dọ̀ sọ pé èèyàn lè ṣe nǹkan àfi tó bá lè ṣe é láìséwu, tó ṣe é dé ojú ìwọ̀n, tó lè ṣe é ní gbogbo ìgbà tó bá yẹ kó ṣe é, tí kò sì lò ju ìlọ́po méjì àkókò tí ẹlòmíràn máa lò lọ. Wọ́n tún ń wò ó bóyá ìṣòro náà wà ní èyí tó ju ìdajì ọjọ́ lọ. Òmíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí ara onítọ̀hún ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìpinnu àkọ́kọ́ ni adájọ́ ń gbẹ́jọ́ lé lórí, kì í ṣe bó ṣe rí lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́.

Nítorí náà, ẹ̀rí tó ń sọ̀rọ̀ nípa àsìkò yẹn ni mo wá kiri. Lẹ́tà tí dókítà wa kọ́kọ́ fún wa kàn to orúkọ àìsàn àti oògùn ni. Orúkọ àìsàn kì í gba máàkì. Mo padà lọ, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ohun tí Màámi kò lè fi ọwọ́ òsì dì mú, àti bí orúnkún wọn ṣe ń tẹ̀ sí. Ìwé òṣìṣẹ́ ìlera tó wá wo ilé ìwẹ̀ wọn kí wọ́n tó kan ọ̀pá ìdìmú mọ́ ògiri ló lágbára jù lọ, nítorí ẹni náà fojú ara rẹ̀ rí i. Èmi náà kọ tèmi: ta ló ń gbé wọn wọnú báàfù, ta ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé.

Ibi tó le jù ni Màámi fúnra wọn. Mo ní kí a jọ gbé e yẹ̀ wò nílé, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. “Mi ò lè fi ẹnu ara mi sọ pé mi ò lè rìn. Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù.” Mi ò bá wọn jiyàn, torí mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá: nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn, ohun tí èèyàn bá fẹnu pè ló ń wá. Òfin ọjọ́ ìpinnu yẹn ni mo fi bá wọn sọ ọ́. Mo ní, “Màámi, adájọ́ ò ní kí ẹ sọ bó ṣe máa rí lọ́la o. Bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ń béèrè, ó sì ti kọjá. Ẹ̀rí lẹ ń jẹ́.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rí kò lè burú. Láti ìgbà náà la ti ń sọ̀rọ̀.

Ti ìrìn ni mítà bá wa fà, torí iye mítà tí èèyàn lè rìn ni wọ́n ń béèrè. Màámi ò mọ mítà. Bọ́ọ̀sì alájà méjì gùn tó mítà 11, mo wá ní kí wọ́n rò ó pé bọ́ọ̀sì mẹ́rin tò tẹ̀ lé ara wọn. A mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ jáde, a rìn ín lójú pópó. Wọ́n dúró kí a tó dé ibi tí ẹ̀kẹta máa parí sí, wọ́n di ògiri mú. Ìdáhùn wa nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, yàrá lásán ni, tábìlì kan, kò sí wíìgì, kò sí aṣọ dúdú. Adájọ́ jókòó láàárín, dókítà kan ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹni tó mọ̀ nípa ìpèníjà ara ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn tó kọ̀wé pé rárá sí wa, mo sì ti sọ èyí fún Màámi kí ẹ̀rù má bà wọ́n. Ògbufọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn kó tó jókòó, ojú Màámi sì rọ̀.

Dókítà béèrè bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ. Mo di ẹnu mi mú, nítorí wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn yóò bi mí tó bá kàn mí. Màámi ní, “Àmàlà ni mo fẹ́ràn. Tí mo bá fi ọwọ́ ọ̀tún ro ó, kò sí ọwọ́ tó máa di ìkòkò mú, ìkòkò á máa bá ọmọrogùn yí. Ó dà sí mi lẹ́sẹ̀ rí.” Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, dókítà sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bi wọ́n pé, ìrẹsì ńkọ́, ta ló ń da omi gbígbóná rẹ̀ nù? Màámi nawọ́ sí mi. Nígbà tí wọ́n dé orí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n wo ilẹ̀, ohùn wọn lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ tán. Mo fẹ́ràn wọn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Wọ́n ní ká lọ dúró níta, wọ́n sì pè wá padà láìpẹ́. Oúnjẹ 4, ìwẹ̀ 3, aṣọ 2, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ 2: 11 nìyẹn, owó kékeré ti iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ìrìn 10, owó kékeré ti ìrìn. Owó tó yẹ kí wọ́n ti san láti ẹ̀yìn wá sì wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹni tó bá gba irú ìwé ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kó tó fi pamọ́. Máàkì 8 sókè lórí ìrìn ló ń fúnni ní Blue Badge fún ibi ìgbọ́kọ̀sí, òun náà ló sì ń fúnni ní Freedom Pass tí wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ó tọ́jú ẹ̀rí yòókù pẹ̀lú, nítorí owó PIP ní ọjọ́ àtúnyẹ̀wò, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì máa tún béèrè.