Tesla Model Y àbí Hyundai Ioniq 5: bí a ṣe ń yan ọ̀kan kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Nínú jíìpù oníná méjèèjì yìí, kò sí èyí tí ẹ máa rà tí ẹ ó ní owó yín wọgbó. Ìdí nìyẹn gan-an tí yíyàn láàárín wọn fi ṣòro. Model Y bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ oníbàárà ní 2020, Ioniq 5 tẹ̀ lé e ní 2021, oníbàárà kan náà ni wọ́n sì ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ìgbà náà. Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀, wọ́n á wo èyí tó ń rìn jìnnà jù, wọ́n á mú un. Ibi tí ọkọ̀ ti máa gba iná ló yẹ kó pinnu jù, kì í ṣe ìyẹn.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọkọ̀ yóò máa sùn

Ẹ mú bébà. Ẹ kọ iye kìlómítà tí ẹ ń rìn lóòjọ́, ìrìn tó jìnnà jù tí ẹ ń rìn lọ́dún àti iye ìgbà tí ẹ ń rìn ín. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ibi tí ọkọ̀ á máa sùn àti irú iná tó wà níbẹ̀.

Ká ní bátìrì ní 75 kWh tó ṣeé lò (kWh ni ìwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì, kW sì ni bí iná ṣe ń yára wọlé tó). Láti gbé e láti 10% dé 80%, 52.5 kWh lẹ nílò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán tí fólítì rẹ̀ jẹ́ 230, tó ń gbé áńpù 10 (10 A), kò lè fún un ju 2.3 kW lọ, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí 23, láì tíì ka iná tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ṣájà ara ògiri tó jẹ́ 7.4 kW á ṣe é láàárín wákàtí 7 sí 8. Ti 11 kW á lò tó wákàtí 5, tí iná onífésì mẹ́ta bá wà nílé yín. Ẹ má jẹ́ kí wákàtí 23 yẹn já yín láyà. Ẹni tó ń rìn 50 km lóòjọ́ kò nílò ju nǹkan bí 10 kWh lọ lálẹ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán á sì fún un kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní wáyà tirẹ̀ láti inú bọ́ọ̀dù, kó ní ẹ́ẹ̀tì tó dájú, kí ẹ má sì fi wáyà ẹ̀rọ ìsopọ̀ gígùn sí i láéláé. Áńpù 10 tó ń wọlé fún wákàtí mẹ́wàá láìsinmi yàtọ̀ sí ti áyọ́ọ̀nù tó ń tàn tó ń kú. Ojú ibi tí irin orí púlọ́ọ̀gì kò ti dì mọ́ra dáadáa ni ooru ti ń bẹ̀rẹ̀. Ike á rọ̀, á dúdú, á sì máa rùn. Lẹ́yìn wákàtí kan àkọ́kọ́, ẹ fi ọwọ́ kan orí púlọ́ọ̀gì. Tó bá gbóná débi pé ẹ ò lè di í mú, ẹ yọ ọ́, kí ẹ pe oníṣẹ́ iná.

2. Ẹ ka ṣájà tó wà lójú ọ̀nà yín

Ibí yìí ni ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì, ibẹ̀ náà sì ni ìpolówó ti ń ṣini lọ́nà jù.

Bátìrì Ioniq 5 wà ní ìpele fólítì 800, ti Model Y wà ní 400. Láti gba agbára kan náà, nǹkan bí ìdajì áńpù ni Ioniq 5 nílò, wáyà àti bátìrì kì í sì í tètè gbóná. Ìdí nìyí tí Hyundai fi ń sọ pé ìṣẹ́jú 18 ló gbà láti 10% dé 80% lórí ṣájà 350 kW, tàbí ìṣẹ́jú 20 fún bátìrì 84 kWh tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. Model Y lè dé 250 kW, àmọ́ kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí bátìrì ṣe ń kún ni iná tó ń gbà ń relẹ̀, nítorí náà 10% sí 80% máa ń gbà tó nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí.

Ìṣẹ́jú 18 yẹn dára, tí ṣájà 350 kW bá wà. Tó bá jẹ́ 50 kW ló wà lójú ọ̀nà yín, àwọn méjèèjì á jókòó síbẹ̀ fún ohun tó lé ní wákàtí kan, fólítì 800 ò sì ní ràn yín lọ́wọ́. Lórí Supercharger V3 ti Tesla, tí wọ́n ṣe fún ìpele 400, Ioniq 5 ní láti fi mọ́tò àti ìnfátà tirẹ̀ gbé fólítì náà sókè kó tó gbà á. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 ni Hyundai fúnra rẹ̀ sọ pé ó ń gbà níbẹ̀. Eré tí ẹ torí rẹ̀ rà á ti lọ nìyẹn.

Ẹ ṣí áàpù tó ń fi ṣájà hàn lórí máàpù. Ní ọ̀nà jíjìn tí ẹ ń gbà jù, ẹ kọ ṣájà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: iye kW rẹ̀, irú orí wáyà rẹ̀, àti iye tó wà lójú kan náà. Ibi tó bá ní ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ kà á sí pé kò sí, torí ó lè bàjẹ́, ẹlòmíràn sì lè ti wà nídìí rẹ̀ kí ẹ tó dé. Tí 350 kW bá pọ̀ níbẹ̀, Ioniq 5 ti gba máàkì tó wúwo. Tó bá jẹ́ Supercharger ló pọ̀, Model Y ni, torí pé ọkọ̀ náà á júwe wọn fún yín, á sì mú bátìrì gbóná sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé. Tí ẹ bá ń gba iná nílé lóru, tí ìrìn jíjìn kò sì ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ lọ́dún, ẹ fojú fo gbogbo ìpele yìí.

Orí wáyà ńkọ́? CCS2 ni Yúróòpù ń lò, GB/T ni Ṣáínà, NACS sì ni Tesla ń lò ní Àríwá Amẹ́ríkà. Ioniq 5 ti Amẹ́ríkà bọ́ sórí NACS ní ìran 2025. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ń lo CCS1. Tí ọkọ̀ náà bá ti ilẹ̀ míì wá, ẹ ṣí ihò rẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ fi wé ti ṣájà àdúgbò yín. Ẹ̀rọ ìsopọ̀ tó ń gba iná AC (irú iná ilé) dáadáa lè má gba iná DC (irú iná ṣájà ayára) rárá.

3. Ẹ fúnra yín ṣírò bó ṣe máa rìn jìnnà tó

Nọ́ńbà WLTP (ìdánwò Yúróòpù fún bí ọkọ̀ ṣe ń rìn jìnnà tó) tó wà lára ìwé ní ìrìn ìlú àti eré jẹ́jẹ́ nínú. Afẹ́fẹ́ tó ń dènà ọkọ̀ kì í pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀: tí eré bá ti 80 di 120 km láàárín wákàtí kan, ìdènà náà ti ju ìlọ́po méjì lọ.

Ní ìdíwọ̀n EPA, àjọ ààbò àyíká ti Amẹ́ríkà, fún 2023, Model Y Long Range tí mọ́tò ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jẹ nǹkan bí 17.5 kWh fún 100 km, nígbà tí Ioniq 5 tí mọ́tò ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń jẹ nǹkan bí 21. Ẹ padà sórí 52.5 kWh wa. Ẹ pín in sí 17.5, ẹ ó rí 300 km. Ẹ pín in sí 21, ẹ ó rí 250. Láàárín ṣájà kan sí ìkejì, 50 km lohun tí Model Y fi ń ju èkejì lọ, èyí sì ń dá díẹ̀ padà nínú eré tí Ioniq 5 ń sá nídìí ṣájà.

Ẹ wo táyà pẹ̀lú. Ríìmù 20 tàbí 21 rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ó ń jẹ iná ju 19 lọ, táyà rẹ̀ wọ́n, ó sì ń gbọ́ kòtò ju ti 19 lọ. Ẹ kì í sì í rí táyà àfipamọ́ nínú ọkọ̀ méjèèjì.

Tó bá jẹ́ ibi òtútù lẹ ń gbé, ẹ béèrè ìbéèrè méjì nípa Ioniq 5: ṣé ó ní heat pump (ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná láì jẹ iná púpọ̀), ṣé ó sì lè mú bátìrì gbóná kó tó dé ìdí ṣájà? Kì í ṣe gbogbo èyí tó kọ́kọ́ jáde ló ní wọn. Bátìrì tó tutù kì í gba iná yára, bó ti wù kí ṣájà lágbára tó. Ní ti Model Y, ẹ béèrè irú bátìrì tó wà nínú rẹ̀. Àwọn Model Y kan tí mọ́tò ń yí táyà ẹ̀yìn wọn nìkan ń lo bátìrì LFP (irú lítíọ́mù tó ní irin àti fọ́síféètì nínú), èyí tí Tesla ní kí ẹ máa gbé dé 100% lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Àwọn tó kù, 80% ni kí ẹ máa fi mọ lójoojúmọ́.

4. Ẹ gbé ẹrù àti èèyàn yín dání

Tesla kọ ọ́ pé bọ́ọ̀tì Model Y tó ṣáájú àtúnṣe 2025 jẹ́ lítà 854. Hyundai kọ 527 fún Ioniq 5. Bọ́ọ̀tì Model Y tóbi jù lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń sọ ọ́, torí Tesla ka ihò jíjìn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ bọ́ọ̀tì mọ́ ọn. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ tàbí àpótí yín lọ, kí ẹ gbé e sínú bọ́ọ̀tì náà lójú ẹni tó ń tà á.

Níbi ìjókòó ẹ̀yìn, Ioniq 5 ló ń borí. Mítà 3 ló wà láàárín táyà iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ti Model Y jẹ́ 2.89, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Model Y ló gùn jù lódindi. Kí ẹni tó ga jù nínú ilé jókòó sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko.

Kí ẹni náà sì gbìyànjú láti ṣílẹ̀kùn bí ẹni pé iná ti kú. Bọ́tìnnì oníná ló ń ṣí ilẹ̀kùn Model Y. Èyí tí a ń fi ọwọ́ fà fún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà nísàlẹ̀ àpò ilẹ̀kùn, lábẹ́ ráńbà kékeré kan. Ẹ gbé ráńbà yẹn, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ ó rí okùn kan tí ẹ máa fà síwájú. Kì í ṣe gbogbo Model Y ló ní i, ìwé ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ọmọ kékeré gbọ́dọ̀ wò ó kó tó sanwó.

Ioniq 5 lè fún àwọn ohun èlò ilé níná láti inú bátìrì rẹ̀, tó 3.6 kW ní ilẹ̀ púpọ̀, 1.9 kW ní Amẹ́ríkà. Ibi tí iná ti ń lọ lemọ́lemọ́, èyí nìkan lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Púpọ̀ nínú Model Y tó wà lójú títì kò ní irú ẹ̀.

5. Wíwà á wò

Wákàtí kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ kan náà, lójú ọ̀nà kan náà. Ẹ sọ mítà ìrìn di òdo, ẹ lọ 20 km ní eré ọ̀nà márosẹ̀, ẹ yíjú padà gba ọ̀nà kan náà wá, kí atẹ́gùn àti òkè má bàa rẹ́ yín jẹ. Ẹ kọ ohun tó jẹ sílẹ̀. Tí ọ̀kan bá ń kọ km fún kWh kan, ẹ pín 100 sí i: 5 km fún kWh kan jẹ́ 20 kWh fún 100 km.

Ẹ gbà ojú ọ̀nà tó ní kòtò kọjá. Model Y tó ṣáájú àtúnṣe 2025 máa ń gbọ̀n. Nínú rẹ̀, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ọwọ́ ìtọ́kọ̀; eré yín àti gbogbo nǹkan wà lórí síkírínì kan ṣoṣo láàárín, kò sì ní Android Auto tàbí CarPlay, tó ń gbé áàpù fóònù wá sórí síkírínì ọkọ̀. Ioniq 5 ní méjèèjì, ó sì ní bọ́tìnnì tí ọwọ́ lè wá láìwò. Ẹ yí ẹ̀rọ amúlétutù padà nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ẹ ó mọ èyí tó ń gba ojú yín kúrò lọ́nà.

6. Tó bá jẹ́ àlòkù

Kí ẹni tó ń tà á gbé bátìrì wá sílẹ̀ dé 15%. Ẹ gbé e lọ sídìí ṣájà DC tó lágbára, ẹ dúró tì í títí dé 60%. Tí kò bá gba iná tó yẹ, tí ojú ọjọ́ kò sì tutù, ẹ béèrè ìdí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sí ṣájà AC fún wákàtí kan. Ẹ má fo èyí fún Ioniq 5. Ihò ìgbàná àwọn kan máa ń gbóná jù tí áńpù bá pọ̀, iná á sì já lójijì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ICCU tún wà, òun ló ń gba iná AC wọlé tó sì ń ṣájì bátìrì 12 V. Hyundai pe ọ̀pọ̀ Ioniq 5 padà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2024 torí rẹ̀: tó bá bàjẹ́, bátìrì 12 V á kú, ọkọ̀ á sì pàdánù agbára lójú ọ̀nà. Tesla náà pe àwọn Model 3 àti Model Y ti 2023 padà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 torí agbára ìtọ́kọ̀, sọ́fítíwíà ni wọ́n sì fi tún un ṣe. Ẹ fi nọ́ńbà VIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan) wá a lórí ìkànnì ìjọba tàbí ti ilé iṣẹ́, ẹ gba bébà tó fi hàn pé wọ́n ti ṣe é.

Fún Model Y, ẹ wo ara bọ́ńpà. Láti ìparí 2022 ni Tesla ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ojú róbótó tó ń ran ni lọ́wọ́ láti páàkì. Èyí tó ṣáájú ìgbà náà ní wọn.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ gba iye owó ìbánigbófò fún VIN méjèèjì, torí ìyàtọ̀ rẹ̀ lè ju owó iná ọdún kan lọ. Ẹ ka wáráńtì bátìrì náà: ọdún 8 ló wọ́pọ̀, pẹ̀lú ìlérí pé, ó kéré tán, 70% agbára rẹ̀ á ṣì wà, àmọ́ iye kìlómítà rẹ̀ yàtọ̀ láti irú ọkọ̀ kan sí òmíràn àti láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Ẹ pe ibi àtúnṣe tó sún mọ́ yín jù, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n kọ́ láti ṣiṣẹ́ lórí fólítì gíga, àti iye ọjọ́ tí bọ́ńpà iwájú ń gbà kó tó dé. Tí wọn ò bá rí ẹnikẹ́ni dárúkọ, ọkọ̀ kejì ni kí ẹ rà.