Bí A Ṣe Tún Ìwé Sójà Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣe Láti Àkúrẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣiṣẹ́ sójà fún Amẹ́ríkà láti ọdún 2004 sí 2008. Wọ́n lo nǹkan bí ọdún kan nínú rẹ̀ ní Iraq, láti oṣù Kẹwàá 2005 sí oṣù Kẹwàá 2006. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń wà níbẹ̀: epo, omi, oúnjẹ àti ọta ìbọn ni wọ́n ń kó láti bárékè kan dé òmíràn, lójú ọ̀nà tí àwọn ọ̀tá ń ri bọ́ǹbù mọ́. Nígbà tí wọ́n padà wálé, tí wọ́n kó sínú ilé tí wọ́n kọ́ sí Ìjàpọ̀, kò sẹ́ni tó ń dá ọ̀rọ̀ ogun sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Etí wọn ló tú u síta.

Láti ọjọ́ tí bọ́ǹbù kan ti bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wọn ni ariwo kan ti wà nínú etí ọ̀tún wọn tí kì í dákẹ́, tọ̀sán-tòru. Bí ènìyàn bá jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọn kì í gbọ́ ọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n fi gbà láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ VA tó ń tọ́jú àwọn sójà Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì, nítorí ẹni tí kò gbé ní Amẹ́ríkà mọ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹni tó ń ràn wá lọ́wọ́ lórí fóònù ní kí a fi DD 214 wọn ránṣẹ́. Ó kà á tán, ó wá bi wọ́n bóyá wọ́n tiẹ̀ dé ojú ogun rárá.

DD 214 ni ìwé tí gbogbo sójà Amẹ́ríkà máa ń gbà lọ́jọ́ tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àpótí 13 nínú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ àwọn mẹ́dà àti àmì ẹ̀yẹ sí. Nínú ti ẹ̀gbọ́n mi, kìkì èyí tí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tó wọṣẹ́ lásìkò yẹn ń gbà ló wà níbẹ̀. Army Commendation Medal, mẹ́dà ìyìn fún iṣẹ́ rere, tí wọ́n fún wọn ní Iraq kò sí. Iraq Campaign Medal kò sí. Combat Action Badge, àmì tí wọ́n ń fún sójà tí ọ̀tá kọlù lójúkojú, òun náà kò sí. Bẹ́ẹ̀, tí irú àmì ojú ogun bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìwé sójà, VA kì í bá a fa ọ̀rọ̀ gùn lórí ohun tó bá sọ pé ó ṣe òun lójú ogun.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé lọ́jọ́ tí àwọn ń buwọ́ lu ìwé náà, ilé ni ọkàn àwọn ti wà, gbogbo ibi tí akọ̀wé bá na ìka sí ni àwọn ń buwọ́ lù. Inú bí mi gan-an. Ọdún tí màmá wa fi gbààwẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́rú, ọdún tí àyà wa ń já bí fóònù bá dún lóru, ìwé yẹn ò mọ̀ ọ́n.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ gbọ́ ọ dáadáa. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí Army Board for Correction of Military Records, ìgbìmọ̀ tó ń tún àkọsílẹ̀ àwọn sójà ṣe, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù rẹ̀, DD Form 149. Orúkọ ìgbìmọ̀ náà bá ohun tí mò ń wá mu régí, ni mo bá kọ fọ́ọ̀mù, ẹ̀gbọ́n mi buwọ́ lù ú, a fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí èsì tó dé. Wọ́n ní a kò tíì gbé ọ̀rọ̀ náà dé àwọn ọ́fíìsì tó wà nísàlẹ̀, àti pé ìgbìmọ̀ kì í dá sí i àyàfi tí ọ̀nà ìsàlẹ̀ bá ti dí. Mo ti ṣe bí ẹni tó gbé ìjà ilé lọ sí ààfin Déjì láì tíì sọ fún olórí ẹbí. Fọ́ọ̀mù yẹn béèrè ọjọ́ tí a mọ̀ nípa àṣìṣe náà, torí pé ọdún mẹ́ta ni òfin fún ènìyàn láti ìgbà tó bá ti mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbìmọ̀ lè fojú fo ìyẹn bí ó bá rí i pé ẹ̀tọ́ ni. Ẹ má fi ọdún yín ṣòfò lẹ́nu ọ̀nà tí kì í ṣe ti yín.

Ọ́fíìsì tó yẹ kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí ni Human Resources Command, tó ń bójú tó àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn sójà, ní Fort Knox, ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Bí ẹ̀rí bá ti wà pé wọ́n fún sójà ní mẹ́dà lóòótọ́ tí akọ̀wé kàn fò ó, ibẹ̀ lè tún un ṣe láì dé iwájú ìgbìmọ̀ kankan. Ẹ̀rí ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Mo tún ìwé náà kà láti òkè délẹ̀. Nínú àpótí 18, níbi tí wọ́n ń kọ àlàyé lóríṣiríṣi sí, mo rí i kedere: ó sìn ní Iraq, láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí. Ìwé kan náà ń jẹ́rìí ta ko ara rẹ̀! Iraq Campaign Medal jẹ́ ti sójà tó bá lo ọgbọ̀n ọjọ́ léraléra níbẹ̀ láàárín ọjọ́ 19 oṣù Kẹta 2003 àti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2011. Wọ́n sì pín ogun náà sí ìpele ìpele. Ìpele kan parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2005, òmíràn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ nínú méjèèjì, nítorí náà ìràwọ̀ kékeré méjì ló tọ́ sí wọn lórí mẹ́dà náà. Ìyẹn kò ṣòro.

Army Commendation Medal ló le. Mẹ́dà yẹn kì í tọ́ sí ènìyàn torí pé ó kàn wà níbì kan. Ọ̀gá rẹ̀ ni yóò kọ̀wé pé ó yẹ, ọ̀gá àgbà yóò fọwọ́ sí i, àṣẹ tó ní nọ́ńbà yóò sì jáde. Láìsí nọ́ńbà àṣẹ yẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. A tú báàgì sójà wọn, a tú gbogbo àpò ìwé tó wà nílé. A rí ìwé owó-oṣù tó fi owó ewu ojú ogun hàn, a rí fọ́tò, a rí lẹ́tà. A ò rí sátífíkéètì. Wọ́n ní àwọn ti fi ránṣẹ́ sílé ní 2007, àwọn ò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí.

Ọjọ́ Àìkú kan ni mo lọ kí màmá wa ní Òkè-Àrò. Mo jókòó ní pálọ̀, mò ń dúró de ẹ̀bà, mo gbójú sókè. Láàárín fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò wa àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti pẹ́, férémù kan wà níbẹ̀ tí mo ti ń wò láti ọdún yìí wá láì rí i. Mo dìde, mo sún mọ́ ọn. Department of the Army. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Army Commendation Medal. Nísàlẹ̀, nọ́ńbà àṣẹ, déètì, àti ìbuwọ́lùwé kọ́nẹ́ẹ̀lì kan. Mo pariwo débi tí Màmá fi sáré jáde láti kíṣíìnì pẹ̀lú ọmọ-orógùn lọ́wọ́.

Màmá ti rò pé sátífíkéètì ilé-ẹ̀kọ́ ni. Wọ́n ní ó dára lójú ni àwọn ṣe fún káfíńtà lówó kó fi férémù sí i. Nígbà tí mo ní kí n gbé e lọ, wọn ò fẹ́ kó kúrò lára ògiri. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá màá dá a padà. Ọ̀rinrin ti lẹ ìwé náà mọ́ díńgí, bí a bá fà á, yóò ya. Nítorí náà, bó ṣe wà nínú férémù náà ni mo gbé e lọ sí ilé kọ̀ǹpútà kan lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹ́kún, a yà á láti orí díńgí, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, títí nọ́ńbà fi hàn ketekete. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti padà sórí ìṣó rẹ̀.

A tún béèrè odindi fáìlì wọn. Fọ́ọ̀mù SF 180 la fi ń béèrè rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni fún sójà fúnra rẹ̀. Bí sójà náà bá ti kú, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ tí kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn, òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ lè béèrè. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí torí pé ẹnì kan níhìn-ín ti ní kí a kó 300 dọ́là wá kí òun bá wa ṣe é. Inú fọ́ọ̀mù náà ni wọ́n to ibi tó yẹ kí a fi ránṣẹ́ sí, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka ológun àti ọdún tí ènìyàn kúrò. St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ni ilé ńlá tí wọ́n kó irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sí. Nígbà tí mo kà pé iná jó ibẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Keje 1973, tí fáìlì bíi mílíọ̀nù 16 sí 18 sì run, ọkàn mi fò. Àmọ́ ti àwọn sójà ilẹ̀ tó kúrò láàárín 1912 sí 1960 ló pọ̀ jù nínú wọn. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò sí lára wọn. Nígbà tí fáìlì dé, nínú ìwé kan tó kó ìtàn iṣẹ́ wọn jọ, a rí Army Commendation Medal níbẹ̀. Sátífíkéètì Màmá ti wá ní ẹlẹ́rìí.

Lẹ́tà tí mo kọ sí Fort Knox kò ju ojú ewé kan lọ. Mo kọ ohun tí a fẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì fi lẹ́tà A, B, D sí ara ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó ń kà á má baà wá a kiri. A fi DD 214 sí i. Ẹ kíyè sí èyí: ẹ̀dà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Èyí tí wọ́n kọ Member-4 sí ló kún, òun ni kí ẹ fi ránṣẹ́, torí pé Member-1 kò ní ìdí tí sójà fi kúrò nínú. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló buwọ́ lù ú. Àdírẹ́sì ọmọ wọn obìnrin ní Houston la lò kí èsì má baà sọnù lọ́nà. Bí mo bá fẹ́ pe àwọn ará Fort Knox lórí fóònù, ọ̀sán ni mò ń dúró dè, torí pé nígbà tí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ bá lù lọ́dọ̀ wọn, Àkúrẹ́ ti di aago kan tàbí méjì ọ̀sán.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ọmọ náà ya àwòrán ìwé kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp. DD 215 ni. Kì í rọ́pò DD 214, àtúnṣe rẹ̀ ni, méjèèjì la ó máa fi ránṣẹ́ pọ̀ títí ayé. Iraq Campaign Medal pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì wà níbẹ̀. Army Commendation Medal wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kà á lórí fóònù mi, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún kà á.

Ó ku Combat Action Badge. Lẹ́tà tó bá DD 215 wá sọ pé kò sí àṣẹ kankan fún un nínú fáìlì, pé kí a mú àlàyé àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣojú wọn wá. Orí Facebook la ti rí sójà tó jókòó sí orí ọkọ̀ wọn pẹ̀lú ìbọn lọ́jọ́ náà. Ó dáhùn kí ilẹ̀ tó mọ́, ó kọ ojú ewé méjì. Olórí ọ̀wọ́ ọkọ̀ náà tún kọ tirẹ̀. Mo ti rò pé ẹ̀gbọ́n mi yóò ní láti lọ búra ní kóòtù kí àlàyé tiwọn tó wúlò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà gba ẹni tó wà lẹ́yìn odi láyè láti kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé òun sọ ọ́ lábẹ́ ìjìyà òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà pé òótọ́ ni, kí ó fi déètì sí i, kí ó sì buwọ́ lù ú.

Kíkọ àlàyé yẹn gan-an ló gba agbára. Alẹ́ mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi fi kọ ọ́ pẹ̀lú báírò lórí tábìlì ìjẹun. Lálẹ́ àkọ́kọ́, ìlà mẹ́ta péré. Ìyàwó wọn máa ń gbé tíì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, yóò sì padà wá gbé e bó ṣe wà. Nígbà tí wọ́n fún mi kí n tẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ọkọ̀ méjì ni bọ́ǹbù bà lọ́jọ́ yẹn, pé ọ̀rẹ́ wọn ló ń wa ti iwájú, pé àwọn ni wọ́n fà á jáde, pé ó bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó dákẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi gbé e sínú, tí a jọ ń jẹun, tí a jọ ń ṣọdún.

Mo ní kí n to àwọn gbólóhùn rẹ̀ kó lè dán. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ìwé náà.

"Má yí nǹkan kan padà. Bó ṣe rí nìyẹn."

Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Wọ́n buwọ́ lù ú, mo so ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì mọ́ ọn, àti DD 214 òun DD 215, a sì fi ránṣẹ́ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.