Bí mo ṣe ń ṣọ́ ara àbúrò mi tó ń lo oògùn ọpọlọ

Ẹ ra ìwé kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò. Inú dúrọ́ọ̀ maṣíìnì ìránṣọ mi ni tèmi wà. Kí àbúrò mi tó fi oògùn tuntun kan ẹnu, mo ti máa ń kọ bó ṣe wà sílẹ̀: ìwọ̀n rẹ̀, bó ṣe ń sùn, bóyá ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bí ẹ ò bá mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, kí lẹ máa fi wé?

Ìnira tí oògùn ọpọlọ tó ń jẹ́ haloperidol ń fà kì í pẹ́ kó tó fi ara hàn. Bí ọrùn bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ahọ́n le, tí ojú yí sókè, ẹ má wulẹ̀ pe wòlíì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Oògùn tó ń tú u wà níbẹ̀.

Èyí tó máa ń ṣi ará ilé lọ́nà jù ni àìlèjókòó tí oògùn náà ń fà. Á dìde, á jókòó, á máa rìn káàkiri yàrá bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ lára. Aládùúgbò á ní, "Ó ti tún bẹ̀rẹ̀." Ẹ kọ́kọ́ bi í: "Ṣé o ń gbọ́ ohùn ni, àbí ẹsẹ̀ rẹ ni ò jẹ́ kó o jókòó?" Àbúrò mi ní, "Àǹtí, ẹsẹ̀ mi ni." Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo kọ ọ́, tí mo sì kà á fún dókítà. Torí bí ẹ bá lọ sọ pé àìsàn ti padà, wọ́n lè fi kún oògùn náà, ìnira á sì le sí i. Bó bá wá le débi tó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Oògùn ọpọlọ mìíràn, olanzapine, ló ń lò báyìí. Ikùn ni ti ìyẹn: ó máa ń mú un tóbi. Ṣòkòtò onírọ́bà máa ń bo àṣírí, nítorí náà téèpù tí mo fi ń wọn oníbàárà ni mo fi ń wọn ikùn rẹ̀ yí ìdodo ká lóṣooṣù, láàárọ̀, kó tó jẹun. Wọ́n yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó lò ó fún oṣù mẹ́ta. Ó di ọdọọdún.

Oògùn ọpọlọ mìíràn tún ni lithium àti clozapine. Ẹni tó ń lo lithium gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún oògùn ìrora ibuprofen, àti fún èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Bí ẹni tó ń lo clozapine bá ní ibà tàbí ọ̀fun dídùn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn, kì í ṣe oògùn ibà kẹ́míìsì. Ibà líle tòun ti ara tó gan paali, èyíkéyìí nínú àwọn oògùn yìí tí ì báà máa lò, pàjáwìrì ni.

Ti ìṣòro ìbálòpọ̀ tí oògùn lè fà ńkọ́? Kò ní sọ ọ́ fún èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Mo ní kó kọ ọ́ sórí ewé tirẹ̀, kó fi lé dókítà lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan máa ń tìtorí ẹ̀ pa oògùn tì láìsọ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ dókítà lè dín oògùn náà kù tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀.