Íàpíìsì mi tó ń kólòlò

Ọjọ́ mẹ́ta ni íàpíìsì Bluetooth mi fi ń kólòlò lórí kọ̀ǹpútà: orin á dún díẹ̀, á já, á tún padà. Díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́ nù. Mo so ó mọ́ fóònù, ló bá ń dún ketekete. Háà!

Àṣé háàdì dísìkì tí mo kì bọ ihò USB 3.0, tó fara ti dongle Bluetooth (ike kékeré tó ń fún kọ̀ǹpútà ní Bluetooth), ló ń fa wàhálà. USB 3.0 máa ń tú ariwo rédíò tí etí kì í gbọ́ sórí ìgbì 2.4 GHz, ibẹ̀ náà sì ni Bluetooth ń gbà. Mo yọ dísìkì, orin ń dún ketekete; mo dá a padà, ìkólòlò bẹ̀rẹ̀. Wáyà USB gígùn kan ni mo fi gbé dongle jìnnà sí i. Láti àná, kò tíì já.