Bí mo ṣe ra jíìpù tí a ó máa fi rìnrìn àjò lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì

Ó ku ọdún mẹ́fà kí n fẹ̀yìn tì ni mo ti mọ ọkọ̀ tí mo máa rà. Jíìpù gíga, táyà gbàǹgbà, bọ́ńpà onírin níwájú, àgọ́ lórí òrùlé, jálá epo méjì lẹ́yìn. Àwòrán rẹ̀ ló wà lójú fóònù mi. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo mú ìyàwó mi lọ wo irú rẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ẹsẹ̀ ò dé ibẹ̀. Ó tún un gbé. Ló bá yíjú sí mi: "Dádì, ṣé wọ́n á fún wa ní àkàbà mọ́ ọn ni?"

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Orúnkún tèmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju tirẹ̀ lọ, mo kàn ń fi ọkùnrin bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Nígbà tí a délé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé mo ti yan ọkọ̀ kí n tó mọ irú ìrìn tí a fẹ́ rìn. A jókòó, a sọ ọ́. A ò fẹ́ gun àpáta kankan. Ọ̀nà eléruku, ẹrẹ̀, iyanrìn díẹ̀, odò tí kò mu èèyàn kọjá orúnkún, ká sùn síbi tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí, kí ọkọ̀ náà sì bá wa kalẹ́. Ìyàwó mi fi ọ̀kan kún un: òun náà gbọ́dọ̀ lè wà á, torí bí àìsàn bá dá mi dúró lọ́nà, ta ni yóò gbé wa padà? Kò sì fẹ́ràn kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ gíà ti parí nìyẹn, ọ̀tòmátíìkì ni.

Àsìkò yẹn ni mo ka nípa Gunther Holtorf, ará Jámánì tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Lufthansa. Mercedes 300 GD ló fi yí ayé ká, Otto ló sọ ọ́. Nígbà tó fi dá ìrìn náà dúró ní 2014, ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lójú ọ̀nà, ọkọ̀ náà sì ti rìn tó nǹkan bí 900,000 kìlómítà. Agbára ẹṣin 88 péré ni ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní! Tọkọtaya ará Switzerland kan, Emil àti Liliana Schmid, náà gbé Land Cruiser wọn jáde ní 1984, wọ́n sì fi rìn ju 700,000 kìlómítà lọ. Méjèèjì kì í ṣe ọkọ̀ tó ń sáré. Sásì onírin gbọọrọ, ìyẹn egungun tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, ló wà lábẹ́ wọn, ẹ́ńjìnnì wọn rọrùn láti tú, ẹni tó ni wọ́n ò sì kánjú. Èyí tó kẹ́yìn yẹn kì í sí nínú ìpolówó ọkọ̀.

Ohun tó yí mi lérò padà pátápátá ni ìwúwo. Lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí nínú ìwé ọkọ̀, wọ́n máa ń kọ iye kílò tí ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá, tèèyàn tẹrù. Ẹ yọ ìwúwo ọkọ̀ lófìfo kúrò nínú rẹ̀, èyí tó bá kù ni tiyín. Ti jíìpù tí mo ń lálàá rẹ̀ ku 620 kílò. Mo ní kí la fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe? Mo wá mú bíró. Ara àwa méjèèjì, 155. Omi lítà 60, kílò 60 náà ni. Jálá méjì tí lítà 20 dísẹ́ẹ̀lì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 42 pẹ̀lú agolo wọn. Àgọ́ òrùlé 65, irin tí wọ́n máa gbé e lé 40. Bọ́ńpà onírin 70, ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀ 35. Táyà àpamọ́ kejì 35. Fíríìjì 22, bátìrì kejì 25, àpótí onípákó tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹ̀yìn 60, irinṣẹ́ àti sípéà pátì 35. Aṣọ, oúnjẹ, ìkòkò, àga, oògùn, 80. Mo rò ó pọ̀, ó jẹ́ 724. A ò tíì kúrò nílé, a ti fi 104 kílò kọjá ààlà.

Mẹkáníìkì mi, tí a ti jọ wà láti ọdún pípẹ́, ní ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ ti ń kú. "Bàbá, ojú ọ̀nà kọ́ ló ń ba ẹsẹ̀ ọkọ̀ jẹ́, ẹrù ni." Sípíríǹgì á rẹ̀, béárìn á máa ké, bíréèkì á gbóná tí kò ní mú mọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, sásì á bẹ̀rẹ̀ sí í sán níbi tí wọ́n bá ti lu ihò sí i. Èyí tó bá sì wà lórí òrùlé ló burú jù, nítorí òun ló ń mú kí ọkọ̀ fẹ́ ṣubú bí ọ̀nà bá dagẹ̀rẹ́.

Mo wọ́gi lé bọ́ńpà àti ẹ̀rọ okùn. Àgọ́ àti irin rẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Ta ló fẹ́ máa fi àkàbà sọ̀ kalẹ̀ lóru nítorí ìtọ̀ lọ́jọ́ orí wa? A ó yọ ìjókòó ẹ̀yìn, a ó tẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò ju 25 kílò lọ, inú ọkọ̀ la ó máa sùn. Ike olómọrí tó jẹ́ kílò 10 rọ́pò àpótí onípákó. Táyà kan tó. Ó wálẹ̀ sí 454.

Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ gìrìwò ò pọn dandan mọ́. Ní ti epo, dísẹ́ẹ̀lì ni ọkàn mi wà, ṣùgbọ́n àwọn dísẹ́ẹ̀lì ayé òde òní ní asẹ́ tó ń gba èéfín nínú ẹ́ṣọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń fẹ́ dísẹ́ẹ̀lì tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kéré gan-an. Kì í ṣe gbogbo ibi tí ọ̀nà bá gbé wa dé ni wọ́n ti ń tà á. Àwọn àtijọ́ tí kò ní wàhálà yìí, bíi ẹ́ńjìnnì 1HZ ti Toyota tó jẹ́ lítà 4.2 tí kò ní tọ́bò, gíà ọwọ́ ló sábà máa ń bá wọn rìn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá ara mi nídìí Land Cruiser Prado 120, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 2002 sí 2009, ẹlẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù lítà 4.0. Sásì wà lábẹ́ rẹ̀, gíà kékeré fún ẹrẹ̀ wà, ṣéènì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì náà, kì í ṣe bẹ́líìtì tó ní ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ń mu epo, mi ò ní purọ́. Ìyàwó mi gun ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jókòó, ó de bẹ́líìtì. Kò sọ nǹkan kan.

Mẹ́rin la wò. Àkọ́kọ́ àti ìkejì ò lọ́rọ̀ nínú. Ìkẹta ń dán bíi dígí. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹni tí mo sọ fún lálẹ́ àná pé kó má fọwọ́ kàn án títí a ó fi dé ti tan án sílẹ̀, kí a má baà rí èéfín tó máa tú jáde bó bá jí láti inú òtútù. Èéfín aláwọ̀ aró túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ló ń jó. Mẹkáníìkì mi wọ abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀dà dúdú ti wà lára gbogbo sásì, ó ṣì ń rùn. Ó fi ìdí súkúdíráfà ń kan irin náà láti iwájú lọ sẹ́yìn: káń, káń, káń. Nígbà tó dé òkè táyà ẹ̀yìn, ohùn náà yí padà, pọ̀. Ó yí súkúdíráfà padà, ó fi ẹnu rẹ̀ tì í, ó wọlé bí ẹni gún ìṣáná bọ inú àkàrà. Ìpẹ́pẹ́ ìpẹtà dà sí i lójú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ onítọ̀hún, a bá tiwa lọ.

Ìkẹrin ò dán. Ṣùgbọ́n òtútù la bá a, ó jí wọ́ọ́rọ́, sásì rẹ̀ ń dún káń dé ìpẹ̀kun. Mo dá a dúró, mo fi gíà sí nútírà, mo ti ọ̀pá kékeré sí L, ìyẹn gíà kékeré fún ẹrẹ̀ yẹn; ó kọ́kọ́ ṣe agídí bí ohun tí ẹnikẹ́ni ò tì láti ọdún méjì, lẹ́yìn náà ó wọlé. Táyà rẹ̀ ṣì ní eyín dáadáa, àmọ́ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára rẹ̀ jẹ́ 2312, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012. Rọ́bà tó ti gbó tó bẹ́ẹ̀, eyín rẹ̀ ò wúlò. Mo fi yọ owó táyà márùn-ún kúrò nínú iye tí wọ́n pè.

Radiétọ̀ ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo pààrọ̀, bí kò tilẹ̀ jò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ̀tòmátíìkì, inú radiétọ̀ ni ọ́ìlì gíà ti ń gba ìtutù. Bí ògiri tó wà láàárín wọn bá jẹrà, omi á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi wàrà tí wọ́n fi nǹkan pupa sí, gíà á sì bàjẹ́. Radiétọ̀ tuntun ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà tuntun.

Ọjọ́ tí a fẹ́ gbéra, a kó ohun gbogbo sínú rẹ̀, a rọ epo kún táǹkì, àwa méjèèjì wọlé, a gbé e lọ sórí ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù. Kò kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n ó fi 31 kílò ju ohun tí mo kọ sínú ìwé. Ìyàwó mi wo ìwé náà, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Dádì, ẹ ṣí àpótí irinṣẹ́ yín yẹn."